Ó Ń Lọ Lọ́wọ́

Obìnrin aránṣọ náà tún fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan irin géètì. Ọlọ́dẹ ń gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn géètì gan-an ló dúró sí, obìnrin náà sì ń rí bàtà rẹ̀ lábẹ́ irin. Bàtà náà kò mira.

"Mò ń rí ẹsẹ̀ yín," ni ó wí.

Bàtà náà sún sẹ́yìn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ihò kékeré tó wà lára géètì ṣí, ojú kan sì yọ.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀. Ọkọ mi dà?"

"Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Mo ní ọkọ mi dà? Iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti wà nílé."

"Àwọn wo ló ti wà nílé?"

"Ṣé èmi ni mò ń béèrè ni, àbí ẹ̀yin?"

Ọlọ́dẹ bojú wẹ̀yìn. Ó mọ obìnrin náà. Ṣòkòtò tó wà nídìí rẹ̀ lówùúrọ̀ yẹn, òun ló bá a gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá."

"Pẹ̀lẹ́ kí ni?"

"Ẹ ṣáà pẹ̀lẹ́."

Ó ti ihò náà pa.

Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo. Aránṣọ dúró, ó ń wo irin, kò mọ èyí tí wọ́n fún òun.

Iléeṣẹ́ ọṣẹ ni ibẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń sè, èyí tí wọ́n ń gé ní gbọọrọ-gbọọrọ. Kí èèyàn tó dé òpópónà náà ni imú rẹ̀ ti ń sọ fún un: ọ̀rá gbígbóná, àti kọ́sítíìkì tó ń ta ni. Èéfín kì í dá lórí òrùlé rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi ìbáà ṣe. Lówùúrọ̀ ọjọ́ yìí, kò sí èéfín. Aránṣọ rí i pé kò sí. Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó tún pe fóònù ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, fóònù náà ń dún, kò kàn sẹ́ni tó gbé e ni. Ní báyìí, wọ́n ti pa á. Fóònù kì í sì í pa ara rẹ̀, àyàfi tí iná rẹ̀ bá tán. Ó gbà pé iná rẹ̀ ló tán. Ó gbà bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ilé.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Kò jọ pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe náà ti béèrè nǹkan rí lẹ́nu géètì iléeṣẹ́.

Yàrá wọn ló kángun sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, aṣọ àwọn oníbàárà wà lórí okùn, ibùsùn ìyá ọkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìyá àgbà ti jókòó sórí rẹ̀, ó ti wé gèlè bí ẹni tó ń retí àlejò. Ọmọbìnrin kékeré náà jókòó nílẹ̀, ó ń to òfìfo kẹ̀kẹ́ òwú. Oníbéèrè ni bàbá rẹ̀ ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi. Orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo àdúgbò lẹ́nu.

"Ṣé ó ń bọ̀?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Wọn ò tíì sọ nǹkan kan, Màmá."

"Kí lo bi wọ́n?"

"Mo ní ọkọ mi dà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́."

Ìyá àgbà tún gèlè rẹ̀ tò, kò sì sí ohun tó ṣe é.

"Kí lẹ sọ síra yín lánàá?" ó béèrè. "Mo gbọ́ ohùn yín. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Èyí tí n kò gbọ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí."

Aránṣọ ṣí ìdérí ìkòkò, ó ro ẹ̀wà inú rẹ̀. 

"Ìyàwó, ìwọ ni mò ń bá wí."

"Ẹ̀wà náà ti ń rọ̀, Màmá."

"Ẹ̀wà ni mo bi ọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ni. Àtẹ̀gùn irin kan wà ní iléeṣẹ́ náà tó gba orí ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ kọjá, ó sì ti pẹ́ tó ti ń mì. Lánàá, kí ọkọ tó jáde, aránṣọ bi í bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ọkọ ní, "Ó ń lọ lọ́wọ́," ó sì rẹ́rìn-ín. Inú bí obìnrin náà. Ó yíjú sí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní, "Kí la fẹ́ jẹ tí mo bá dé?" Obìnrin náà ń tẹ ẹ̀rọ. Ọkùnrin dúró díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé èsì kò ní pẹ́ dé. Ó sì lọ.

Kí àkùkọ tó kọ ni obìnrin náà ti gbé ẹ̀wà kaná. Èsì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀wà ni ọkọ fẹ́ràn.

"Màmá," ni Oníbéèrè wí láti ilẹ̀, "ṣé ẹni tí kò bá dáhùn kò gbọ́ ni, àbí ó gbọ́?"

"Lọ fọ ẹnu rẹ."

"Mo ti fọ ọ́."

"Tún un fọ̀."

Nígbà tí oòrùn ti mú, aránṣọ jáde sí ìta gbangba láti dami nù. Alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú ti kó aṣọ sínú ọpọ́n, ó ń họ ọrùn ẹ̀wù kan bí ẹni pé ẹ̀wù náà jẹ ẹ́ níyà. Onígbàjámọ̀ gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ ìbòòji, kò rí orí tó máa gé, ẹnu ló ń lò. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ọṣẹ ló wà lẹ́nu wọn, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní Ó-ń-lọ-lọ́wọ́.

"Èmi ni mò ń gé irun rẹ̀," ni onígbàjámọ̀ ń wí. "Mo ní, ọ̀gá, ṣé kí n fá iwájú yìí ni, àbí kí n dá a sí? Ó ní ó ń lọ lọ́wọ́. Mo wo iwájú náà. Òótọ́ ló sọ, ó ń lọ lọ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kó dé àárín orí."

"Ìyẹn kéré," ni alágbàfọ̀ dáhùn. "Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ńkọ́? Wọ́n ní ọ̀gá, akọ ni àbí abo? Ó ní ó ń lọ lọ́wọ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lójijì ni wọ́n rí aránṣọ. Ẹ̀rín náà kú sí wọn lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìyá Oníbéèrè, ṣé wọ́n ti dé?" ni alágbàfọ̀ béèrè.

"Rárá."

"Háà." Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìfófòó nu iwájú orí. "Ẹ lọ bá agéṣẹ. Òun àti Bàbá Oníbéèrè ló jọ máa ń rìn wálé. Òun nìkan ló wọlé láàárọ̀ yìí, bí olè. Mo kí i, kò dáhùn. Èmi! Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá kí òkúta, á jẹ́ mi lóhùn."

"Ó lè jẹ́ oorun," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Oorun ò ní kí èèyàn má kí èèyàn. Ọlọ́run má jẹ́ kí ọṣẹ ṣe wá lọ́ṣẹ́."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ọpọ́n, bíi pé ọwọ́ ló sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ wò ó tìbínú-tìbínú. Aránṣọ da omi rẹ̀ nù, ó sì kọjá.

Agéṣẹ ń gbé ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Òun ló ń fi okùn wáyà gé ọṣẹ bí ó bá ti dì, etí ọṣẹ tó bá sì ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pín láàárín ara wọn mú lọ sílé. Fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nínú oòrùn yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde, ó sì dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ọwọ́ méjèèjì lára férémù.

"Ó ń sùn," ni ó wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

"Ẹ bá mi jí i, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ padà wá tó bá di ìrọ̀lẹ́."

Aṣọ ìkélé wà lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì gbé e díẹ̀. Aránṣọ rí ẹsẹ̀ agéṣẹ lórí ibùsùn. Ó wọ bàtà iṣẹ́, okùn rẹ̀ wà ní síso.

"Ṣé bàtà ló fi ń sùn?"

Ìyàwó agéṣẹ fa aṣọ ìkélé náà wálẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó sọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ lọ bi wọ́n níléeṣẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹnu tí wọ́n fi ń jẹun, ṣé òun náà lẹ fẹ́ kí wọ́n fi sọ̀rọ̀?"

"Èmi náà ti bá yín jẹun rí," ni aránṣọ wí.

"Ẹ má bínú sí mi."

"N kò bínú. Mò ń béèrè."

Ilẹ̀kùn náà padé jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí aránṣọ tó gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́, nítorí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dúró kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló jẹ́ kó wọ iléeṣẹ́ lọ́sàn-án. Géètì ṣí fún ọkọ̀ náà, ó sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ẹni tó bá ẹrù wá. Ọlọ́dẹ rí i. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ewé igi. Ìyẹn náà jẹ́ oore.

Ilé ìkòkò wà ní títì. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó funfun, ó ń hó, ẹnìkan sì ń fi ìgbálẹ̀ ha sìmẹ́ńtì nínú. Aránṣọ fẹ́ lọ síbẹ̀. Akọ̀wébìnrin kan sáré jáde láti inú ọ́fíìsì, ó di apá rẹ̀ mú bí ọmọ ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú lọ́jà.

"Ẹ wọlé, Mà. Inú ilé tutù. Ẹ jókòó."

Bẹ́ǹṣì kan wà níbẹ̀ tí ìdí àwọn tó ti ń dúró ti mú kó máa dán. Aránṣọ jókòó. Akọ̀wé padà sẹ́yìn tábìlì rẹ̀.

"Ṣé kí n fún yín lómi, Mà?"

"Ọkọ mi ni mò ń béèrè. N kò béèrè omi."

"Ọ̀gá ń bọ̀."

"Wọ́n wà nínú ibẹ̀ yẹn. Mò ń gbọ́ ohùn wọn."

"Wọ́n wà nípàdé."

"Ta ni wọ́n ń bá ṣèpàdé? Ohùn kan ṣoṣo ni mò ń gbọ́."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì rántí pé kò yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ó mú gègé, ó gbé e sílẹ̀. Ohùn inú lọ́hùn-ún dákẹ́. Fáànù ń yí lókè. Oòrùn kúrò lára ògiri kan, ó bọ́ sí ara èkejì. Àwọn òṣìṣẹ́ kọjá lójú ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti rí obìnrin náà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á mú ẹsẹ̀ yá. Kò sẹ́ni tó bá a jókòó. Bẹ́ǹṣì náà lè gba èèyàn bíi mẹ́rin.

Ibẹ̀ ló wà tó fi rí àpò tí ọkọ rẹ̀ máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó wà nílẹ̀ lẹ́yìn àga akọ̀wé. Àjákù aṣọ oníbàárà ló fi rán an, àwọ̀ rẹ̀ kò bára mu, ọkọ rẹ̀ sì máa ń ṣe àwàdà pé òun nìkan ló ń gbé gbogbo àdúgbò kọ́ èjìká.

"Àpò yẹn, èmi ni mo rán an."

"Àpò wo, Mà?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn yín."

Akọ̀wé kò bojú wẹ̀yìn. Ó fi gìgísẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára obìnrin náà ní gbogbo àkókò yẹn. Omi ti lé sí ojú rẹ̀. 

Nígbà náà ni Ó-ń-lọ-lọ́wọ́ jáde. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe òṣìkà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń nira.

"Ìyá wa, ẹ kú ìjókòó."

"Ẹ ṣé, Sà. Ọkọ mi dà?"

"A wà lórí ọ̀rọ̀ náà."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wá."

"Èmi ò bá ọ̀rọ̀ wá. Ìbéèrè ni mo bá wá."

"Ìwádìí ń lọ lọ́wọ́."

"Ìwádìí kí ni?"

"Bí ó bá parí, ẹ ó gbọ́."

"Àtẹ̀gùn yẹn, ṣé ẹ ti tún un ṣe?"

Ọkùnrin náà fa hánkáṣíìfù yọ, ó nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ìyẹn náà ń lọ lọ́wọ́."

"Ṣé ọkọ mi wà láàyè?"

Fáànù ń yí. Akọ̀wé ń wo tábìlì.

"Ìyá wa," ni ọ̀gá wí, "ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ẹ̀ka wa. Ọ̀gá pátápátá nìkan ló lè dáhùn rẹ̀."

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n rìnrìn àjò."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

"Ẹ máa lọ sílé. Ẹ sinmi. A ó ránṣẹ́ sí yín."

Aránṣọ wò ó. Kò sí ìbéèrè mìíràn nínú rẹ̀. Ó dìde, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó so ìró rẹ̀ le.

"Mò ń lọ, Sà."

Ọ̀gá náà sún mọ́ ọn díẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ ni. A ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í jẹ́ kí èèyàn dìde lọ láìkí i, àti pé ohun gbogbo ló ní ìkíni tirẹ̀. Kò lè ní ó dàbọ̀, nítorí kò fẹ́ kó padà wá. Kò lè ní kó kí ilé, nítorí ó mọ ohun tó ń lọ bá ilé. Ó ya ẹnu, ó wá ìkíni tó bá ọjọ́ náà mu. Ẹnu rẹ̀ rí i kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mà."

Ẹyin lohùn. Gbogbo wọn gbọ́ ọ bó ti fọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé gbé ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

"Kí lẹ kí mi?" ni aránṣọ béèrè.

"Mo ní... ẹ kú ìnira."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ wí."

 Hánkáṣíìfù ti bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

"Ẹ ṣé," ni aránṣọ wí. "Láti àárọ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ dá mi lóhùn."

Ó na ọwọ́ sí akọ̀wé. Akọ̀wé fa àpò náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó kúnlẹ̀ kó tó gbé e fún un.  Nígbà tó dé géètì, ọlọ́dẹ ti ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ó ti ṣí fìlà.

Aránṣọ gba àárín òpópónà wálé. Ó ń gbọ́ ohùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Alágbàfọ̀ wà níwájú ilé, ó ń ká aṣọ. Ó ya ẹnu láti kí i, ó rí àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pa ẹnu náà dé. Ó rọra gbé ọpọ́n kúrò lọ́nà kí ó lè kọjá.

Nínú yàrá, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ lójú fèrèsé. Ìyá àgbà kò tíì kúrò níbi tó jókòó sí láàárọ̀.

"Màmá, Bàbá dà?" ni Oníbéèrè wí.

"Lọ fọwọ́, ká jẹun."

"Àpò Bàbá nìyẹn. Bàbá dà?"

"Mo ní kí o fọwọ́ ná."

Aránṣọ gbọ́ ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn ẹnu géètì ni.

Ọmọ náà tú àpò wò. Abọ́ oúnjẹ tó ṣófo wà nínú rẹ̀, àti etí ọṣẹ tí a fi bébà wé. Ó mú ọ̀kan, ó lọ sídìí garawa. Ìyá rẹ̀ tan iná, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó ń bu ẹ̀wà.

"Ṣé o rí i?" ni ìyá àgbà béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ, Màmá."

"Ọmọ mi ni mo bi ọ́."

"Ẹ̀wà ti rọ̀ dáadáa. Ẹ jẹun ná."

Ìyá àgbà wo ọwọ́ tó ń bu ẹ̀wà náà. Ó wò ó pẹ́. 

"Ẹni tó ní kí n jẹun kó tó dá mi lóhùn," ni ó wí, "ti dá mi lóhùn."

Ó tú gèlè rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé itan. Kò ké. Ògiri wọn kò nípọn, ọmọ sì wà nídìí garawa. Ó na ọwọ́ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, aránṣọ kò sì rí i. Ó ti tún padà sídìí ìkòkò. Olúkúlùkù dá jókòó sí ibi tó wà.

Oníbéèrè padà wá, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń rùn bíi ti bàbá rẹ̀. Ó wo abọ́ tó wà nílẹ̀.

"Ti Bàbá ńkọ́? Ṣé kí n bu ú sílẹ̀?"

 Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú ìyá àgbà. Ó bu ú sílẹ̀.

Wọn kò jẹ púpọ̀. Aránṣọ kó abọ́ kúrò nílẹ̀, ó sì tún bébà náà wé. Ọmọ kò tíì lò ju ọ̀kan lọ nínú etí ọṣẹ náà. Ìyókù gbẹ dáadáa, ó sì máa tó wọn lò títí oṣù yóò fi parí.